Browning Hi-Power àlòkù: sípírìngì wo ló ti rẹ̀, èwo ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀?

Àkànní_Houston
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbọn ìléwọ́ kan ló gbé mi wá síbí. Browning Hi-Power ni, 9mm, ti Belgium, ọjọ́ orí rẹ̀ ju tèmi lọ. Mo rà á ní àlòkù lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní láísẹ́ńsì níbí ní Houston, ìwé rẹ̀ sì pé. Ara rẹ̀ mọ́, inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán. Àmọ́ tí mo bá gbé e dé pápá ìyìnbọn, wàhálà dé. Èèpo ọta ń fò lọ jìnnà réré, ó ń lọ bá ẹni tó dúró ní ìlà kẹta sí mi. Nígbà míì, tó bá ku ọta méjì tàbí ẹyọ kan, orí ọta á dorí kodò nínú mágasíìnì, slide (irin òkè tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn) á sì há mọ́ ọn. Tí ọta bá tán pàápàá, slide kì í dúró sẹ́yìn bó ṣe yẹ, á padà lọ síwájú bí ẹni pé ọta ṣì wà níbẹ̀.

Mágasíìnì méjì ni mo ní. Ọ̀kan bá ìbọn wá, ọ̀kan ni mo rà ní tuntun.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní sípírìngì ló ti rẹ̀, kí n lọ ra èyí tó le jù lọ. Ṣé òótọ́ ni? Sípírìngì wo gan-an ni, torí mo rí i pé wọ́n pọ̀ nínú ìbọn yìí.

Ọmọ_Mápó
Ẹ̀gbọ́n, ẹ tà á kí ẹ ra Glock. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Alágbẹ̀dẹ_Dallas
Ọmọ_Mápó, a kì í torí sípírìngì ta Hi-Power. John Browning ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ọlọ́jọ́ dé lọ́dún 1926 kó tó parí. Dieudonné Saive ló parí rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ FN, Belgium sì gbà á fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ́dún 1935. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Jámánì gba ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń ṣe é lọ fún àwọn ọmọ ogun tiwọn. Kánádà náà ń ṣe é fún àwọn tó ń bá Jámánì jà. Ìbọn kan náà wá wà lọ́wọ́ ọ̀tá méjèèjì. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gbé e kiri títí di ọdún 2013 tí wọ́n fi yan Glock dípò rẹ̀, àwọn ọ̀gá ológun tiwa nílé náà sì fi sí ìbàdí. Kí èèyàn wá sọ ọ́ nù nítorí ohun tí owó rẹ̀ ò ju oúnjẹ ọ̀sán lọ? Rárá o.

Àbúrò mi Àkànní, ó jọ pé àìsàn méjì lo kó pọ̀ tí o pè ní ọ̀kan.

Sípírìngì tó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn ló ń gba slide mú nígbà tó bá ń sáré lọ sẹ́yìn, òun náà ló ń dá a padà. Agbára ti Hi-Power láti ilé iṣẹ́ jẹ́ pọ́n-ùn 17. Tó bá ti rẹ̀, slide á máa yára ju bó ṣe yẹ lọ, á máa lọ gbá férémù (ara ìbọn tí slide jókòó lé), ìbọn á máa ta ọwọ́, èèpo ọta á sì máa fò lọ jìnnà. Tó bá wá rẹ̀ gan-an, slide ò ní padé tán, á ku díẹ̀ níwájú.

Ti mágasíìnì yàtọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbé ọta sókè kí slide tó dé. Bí kò bá lágbára mọ́, slide á dé bá ọta lójú ọ̀nà, orí ọta á sì dorí kodò. Àwọn ọta tó kẹ́yìn ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, torí ìgbà yẹn ni sípírìngì náà ti nà tán, tí agbára rẹ̀ kéré jù. Ó tún ní ìdí tí slide tìẹ kì í fi dúró sẹ́yìn: irin pẹlẹbẹ tó wà lórí sípírìngì mágasíìnì ló ń ti slide stop (irin kékeré tó ń dá slide dúró sẹ́yìn) sókè nígbà tí ọta bá tán. Tí sípírìngì bá ti rẹ̀, ta ni yóò tì í?

Méjì míì tó wà níbẹ̀ ni ti abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta, àti ti hámà lẹ́yìn, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 32. O ò tíì sọ pé ọta kọ̀ láti bú, nítorí náà fi wọ́n sílẹ̀ ná.

Ìyá_Ìbejì_Atlanta
Ẹ kú àlàyé, bàbá. Àkànní, má tíì náwó o. Mú máákà, kọ 1 sí ìdí mágasíìnì tó bá ìbọn wá, kọ 2 sí ìdí èyí tí o rà. Nígbà tí o bá tún lọ sí pápá, gbogbo ìgbà tó bá há, wo nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀. Mo rí i pé o ò sọ èwo nínú méjèèjì ló ń ṣe é, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Kí o tó lọ, tú u, wẹ̀ ẹ́. Òróró àtijọ́ tó ti gbẹ sínú ọ̀nà slide máa ń mú un bí àtè tó mú ẹyẹ, èèyàn á sì máa bínú sí sípírìngì tí kò ṣẹ̀. Ra àpótí ọta tuntun kan tí kò lágbára jù tí kò sì rọ̀ jù. Kí o sì di ìbọn mú dáadáa. Tí ọrùn ọwọ́ bá rọ̀, ìbọn á bá ọwọ́ lọ sẹ́yìn, slide ò sì ní rìn dé ibi tó yẹ kó dé. Mo ti rí ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tó jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń há ìbọn rẹ̀, wọn kì í fẹ́ kí obìnrin sọ fún wọn.

Tẹ̀là_Fort_Worth
Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Pọ́n-ùn 20 ni mo fi sínú tèmi. Kò ta ọwọ́ mọ́, èèpo ọta ń bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Àkànní, tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ jàre. Irin tó le ló ń pẹ́.

Alágbẹ̀dẹ_Dallas
Tẹ̀là, irú ọta wo lò ń yìn?

Tẹ̀là_Fort_Worth
Èyí tó gbóná, +P, tí agbára rẹ̀ ju ti ọta lásán lọ.

Alágbẹ̀dẹ_Dallas
Mo ti fura. Sípírìngì tó le ń bo ohun tí ọta yẹn ń ṣe mọ́ ẹ lójú ni, kò wò ó sàn. Agbára tí sípírìngì fi ń dá slide dúró nígbà tó ń lọ sẹ́yìn, agbára yẹn kan náà ló fi ń jù ú padà síwájú. Bí o bá dín ìlù ẹ̀yìn kù, o ti fi kún ìlù iwájú. Etí irin tí ọ̀pá ìbọn fi di slide mú ló máa ń jìyà rẹ̀, àti pínì slide stop. Àgbà ìbọn tí wọ́n ṣe ní bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn kọ́ ni wọ́n ń fún ní +P.

Bí Àkànní bá fi 20 sínú tirẹ̀, tó wá ki ọta lásán tí wọ́n fi ń dánra wò bọ̀ ọ́, slide ò ní rìn dé ẹ̀yìn. Èèpo ọta á dúró ṣánṣán lẹ́nu ọ̀nà, yóò tún padà wá síbí wá bi wá ìdí tó fi ń há.

Tẹ̀là_Fort_Worth
Mo gbọ́, sà. Àmọ́ 18.5 ńkọ́? Wọ́n ń ta ìyẹn náà fún Hi-Power.

Alágbẹ̀dẹ_Dallas
Mi ò bá ẹ jà lórí 18.5. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ohun tó ń ṣe ìbọn rẹ̀ kì í yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Kó kọ́kọ́ dá a padà sí bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, kó wò ó. Tó bá wù ú lẹ́yìn ìyẹn, kó máa ṣeré.

Ọmọ_Mápó
Ẹ má bínú, ìbéèrè mi kò jìnnà sí èyí. Wọ́n ní tí èèyàn bá ki ọta kún mágasíìnì tó gbé e kalẹ̀ fún oṣù púpọ̀, sípírìngì á kú. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ máa ń tú tirẹ̀ jáde ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Atlanta
Ọ̀gá rẹ ló ń pa á. Lílọ-bíbọ̀ ló ń rẹ irin sípírìngì: kí a tẹ̀ ẹ́ kí a tú u, kí a tún tẹ̀ ẹ́. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ sí ibi tó lè gbà tí a fi sílẹ̀ níbẹ̀, kò sí ohun tó ń ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Kíkì àti títú ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń jẹ ọjọ́ ayé rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ_Dallas
Òótọ́ ni mà, mo kàn fẹ́ fi ẹyọ kan kún un. Àwọn mágasíìnì kan wà tí wọ́n ki ọta kún inú rẹ̀ kọjá bí àyè ṣe tó, tí sípírìngì rẹ̀ fi wà ní títẹ̀ dé òpin. Ìyẹn lè rẹ̀ lórí ìjókòó. Ti Hi-Power tó ń gba ọta 13 kò sí lára wọn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀, kó ki 12.

Adérónkẹ́_Peckham
Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín láti London níbí, mo sì ń mi orí. Látìgbà tí ọkùnrin kan ti yìnbọn pa àwọn ọmọ ilé ìwé ní Dunblane lọ́dún 1996 ni òfin 1997 ti gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ àwọn aráàlú. Ẹ̀yin ń fi sípírìngì ṣe àríyànjiyàn, ẹni tó bá di irú ẹ̀ mú níbí, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Ẹ máa bá a lọ o, mo ń gbádùn yín.

Akẹ́kọ̀ọ́_Lubbock
Ẹ̀yin àgbà, físà ilé ìwé F-1 ni mo fi wà níbí. Ọ̀rẹ́ mi òyìnbó fẹ́ ta ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ fún mi ní owó pọ́ọ́kú. Texas ò sì béèrè ìwé àṣẹ mọ́ láti gbé e látọdún 2021. Ṣé kí n rà á?

Ìyá_Ìbejì_Atlanta
Ọmọ mi, má fọwọ́ kàn án. Òfin Texas lo kà, òfin ìjọba àpapọ̀ lo ò kà. Ẹni tó bá wà lórí físà ìgbà díẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn tàbí ọta, àfi díẹ̀ tí òfin yọ̀ǹda, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kódà kí o gba ti ọ̀rẹ́ rẹ yìn ní pápá lè di ẹjọ́, ẹjọ́ yẹn sì lè dá ẹ padà sílé láìkàwé tán. Tí o bá gba green card, ọ̀rọ̀ yí padà. Kó tó dìgbà yẹn, lọ́yà tó mọ̀ nípa ìwé ìgbélùú ni kó o bi, má bi wá.

Ọmọ_Lísàbí
Bàbá mi ní Abẹ́òkúta ní ìbọn ọdẹ alẹ́nu méjì, láísẹ́ńsì rẹ̀ wà. Sípírìngì inú rẹ̀ ti rẹ̀, apátí rẹ̀ ti rọ̀ jọ̀ọ̀. Mo ti rí irú ẹ̀ níbí. Ṣé mo lè kì í sínú báàgì tí mo bá ń lọ sílé ní December?

Alágbẹ̀dẹ_Dallas
Má dán an wò. Sípírìngì lásán ni lójú ẹ, ẹ̀yà ìbọn ni lójú kọ́sítọ́ọ̀mù méjèèjì. Amẹ́ríkà ní òfin lórí ẹ̀yà ìbọn tó ń jáde, Nàìjíríà ní tirẹ̀ lórí èyí tó ń wọlé. Níbí nìkan la ti ń rà á bí ẹni ra ìṣó, torí pé férémù ni òfin ibí kà sí ìbọn, wọ́n á fi sípírìngì ránṣẹ́ sílé rẹ nínú àpò ìwé. Ní ti bàbá, kí wọ́n gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn tí ìjọba mọ̀ níbẹ̀. Àwọn baba wa tó ń rọ ṣakabùlà mọ irin yìí ju bí a ṣe rò lọ.

Kí ẹlòmíì tó béèrè: ìbọn ìléwọ́ kò sí lára èyí tí wọ́n ń fún aráàlú láṣẹ rẹ̀ nílé. Òfin ìbọn 1959 kà á pọ̀ mọ́ àwọn ohun ìjà tí wọ́n kà léèwọ̀.

Àkànní_Houston
Ẹ ṣé gan-an, mo ti padà dé. Mo wẹ ìbọn, ìdọ̀tí tó jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òkúta. Mo kọ nọ́ńbà sára mágasíìnì bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Àbájáde rẹ̀ rèé: mágasíìnì 1, èyí tó bá a wá, òun nìkan ló ń dorí ọta kodò, òun nìkan ni slide kì í sì í dúró fún. 2 ò há rárá. Ṣùgbọ́n èèpo ọta ń fò lọ jìnnà pẹ̀lú méjèèjì.

Ìyá_Ìbejì_Atlanta
Ó tán. Sípírìngì méjì: ti mágasíìnì 1, àti ti abẹ́ ọ̀pá. Bàbá ti sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Àkànní_Houston
Mo ti ra méjèèjì, pọ́n-ùn 17 fún ti abẹ́ ọ̀pá. Wọ́n tún fi sípírìngì abẹ́rẹ́ kékeré kan kún un. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tọ́ mi sọ́nà, mi ò fẹ́ kí ohunkóhun fò mọ́ mi lójú.

Alágbẹ̀dẹ_Dallas
Ó dáa. Jókòó síbi tí iná wà, tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kí o lè rí ohun tó bá bọ́.

Yọ mágasíìnì. Fa slide sẹ́yìn, fojú wo inú ọ̀pá, fi ìka kàn án wò. Kó gbogbo ọta jáde kúrò nínú yàrá náà, má fi ẹyọ kan sílẹ̀ lórí tábìlì. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọjú ìbọn kọ òun? Wọ gíláàsì ojú. Mo mọ̀ pé ibí lo fẹ́ fò, wọ̀ ọ́.

Fa slide sẹ́yìn, ti sẹ́fútì (irin kékeré tó ń ti ìbọn pa kó má bàa yìn) sókè sínú ihò rẹ̀ tó wà níwájú, slide á dúró síbẹ̀. Ti orí pínì slide stop láti apá ọ̀tún, fà á yọ ní apá òsì. Bó bá le, fi igi ti, má fi òòlù irin lù ú. Wá di slide mú ṣinṣin, já sẹ́fútì sílẹ̀, jẹ́ kó máa bọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yọ kúrò lórí férémù.

Yí slide dojú dé. Wàá rí ọ̀pá kékeré tó gba inú sípírìngì kọjá. Fi àtàǹpàkò ti ìdí ọ̀pá yìí síwájú, kó kúrò lára irin abẹ́ ọ̀pá ìbọn, kí o gbé e sókè. Àtẹ́lẹwọ́ kejì ni kó wà lórí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà, torí ibí ló ti máa ń fò. Wo orí ọ̀pá kékeré yìí dáadáa, bọ́ọ̀lù irin wínníwínní kan wà níbẹ̀ tó ń di pínì mú. Tẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá padà jáde, òróró ti gbẹ sí i nídìí.

Kó sípírìngì àtijọ́ àti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí aṣọ. Èyí tó ti rẹ̀ máa ń kúrú. Ya fọ́tò rẹ̀ kí a rí i.

Bí o bá ń dá a padà, kí ihò orí ọ̀pá kékeré àti ti irin abẹ́ ọ̀pá ìbọn dọ́gba, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ pínì ò ní gba ibẹ̀ kọjá. Bó bá kọ̀, má fagbára ti í, tún un tò.

Ti mágasíìnì rọrùn, àmọ́ òun ló ń bani lẹ́rù jù. Tẹ kókó tó wà nídìí rẹ̀ wọlé, fa ìdérí ìdí síwájú, kí àtàǹpàkò bò ó mọ́lẹ̀ bí o ṣe ń fà á. Jẹ́ kí sípírìngì jáde díẹ̀díẹ̀. Kí o tó yọ ọ́ tán, wo ìhà tí ẹnu rẹ̀ kọ sí. Bó ṣe wà ni tuntun yóò wà.

Ti abẹ́rẹ́ àti ti hámà, gbé e fún alágbẹ̀dẹ ìbọn. Ti hámà yẹn, agbára pọ́n-ùn 32 ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ orí tábìlì ìdáná.

Lẹ́yìn náà, fa slide ní ọwọ́ léraléra, kó máa padé tán. Ki mágasíìnì òfìfo bọ̀ ọ́, fa slide, ó gbọ́dọ̀ dúró sẹ́yìn. Bí apátí ò bá ṣiṣẹ́ nígbà tí mágasíìnì ò sí nínú rẹ̀, má bẹ̀rù, bí wọ́n ṣe ṣe Hi-Power nìyẹn. Tí o bá fẹ́ wo bó ṣe ń gbé ọta, ọta ìdánrawò tí kò ní ẹ̀tù ni kó o lò nílé.

Olúdé_Maryland
Ẹ kú àlàyé sà. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi há àárín. Ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń pè ní 1911 ni, .45, àlòkù. Apátí rẹ̀ rọ̀ dáadáa, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọta mélòó kan, ọ̀kan á kàn dún “káká”, kò ní bú. Àmì tó wà nídìí ọta náà kò jinlẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ_Dallas
Apátí tó rọ̀ yẹn ni ẹjọ́ náà. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti yọ sípírìngì hámà pọ́n-ùn 23 tó bá a wá, kó fi èyí tó fúyẹ́ sí i kó lè rọrùn láti fà. Hámà ò wá lágbára láti gún ìdí ọta mọ́. Dá a padà sí 23. Sípírìngì yìí wà nínú ẹ̀yìn ìdìmú, ó nílò fáìsì láti tẹ̀ ẹ́, jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ẹ ṣe é.

Ohun kan wà tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ. Tó bá dún “káká” tí kò bú, má ṣí i lójú ẹsẹ̀. Kọjú rẹ̀ sí ibi tí ò ń yìn sí, ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ọta kan wà tó máa ń pẹ́ kó tó bú.

Olúdé_Maryland
Háà. Ojú ẹsẹ̀ ni mo máa ń ṣí i o. Ẹ ṣeun sà.

Àkànní_Houston
Fọ́tò wà nísàlẹ̀. Ẹ wo ti abẹ́ ọ̀pá: ti àtijọ́ fi bí ìbú ìka kan kúrú sí tuntun, ó tún tẹ̀ díẹ̀ láàárín. Ti mágasíìnì, ìyàtọ̀ rẹ̀ ò hàn sójú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá fi ọwọ́ tẹ irin pẹlẹbẹ náà, mo mọ̀ ọ́n lára.

Mo gbé e lọ sí pápá lónìí. Kò há. Mágasíìnì 1 àti 2 ń dá slide dúró sẹ́yìn. Èèpo ọta ń bọ́ sí apá ọ̀tún mi, kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Bọ́ọ̀lù kékeré yẹn náà há, òróró ló tú u.

Kí ni kí n ṣe sí àwọn ti àtijọ́? Ṣé kí n fi wọ́n pamọ́ bóyá ọjọ́ kan á wúlò?

Alágbẹ̀dẹ_Dallas
Jù wọ́n nù. Bí o bá fi wọ́n sínú àpótí irinṣẹ́, lọ́dún mẹ́ta sí i wàá mú wọn ní tuntun. Kọ ọjọ́ òní sínú ìwé pélébé kan, fi sínú àpótí ìbọn, kí o sì máa kọ iye ọta tí o bá yìn sí i. Àwọn kan ń pààrọ̀ ti abẹ́ ọ̀pá ní bí ọta 3,000, àwọn míì ń jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èèpo ọta ni kí o máa wò. Tó bá ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ bá aládùúgbò, àkókò ti tó.

Ìyá_Ìbejì_Atlanta
Má pa nọ́ńbà ìdí mágasíìnì rẹ́ o. Kọ ọdún tí o pààrọ̀ sípírìngì sí abẹ́ 1.